Irun Méjì Lórí Kan: Àgbéyẹ̀wò Irun Gbígbẹ Lẹ́yìn Rílásà

Ìyá onídìrí tí mo máa ń lọ bá ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, yọ fọ́nrán irun kan lára òòyà, ó nà án sókè sí ojú fèrèsé. "Ẹ wò ó, Àǹtí." Mo wò ó. Lápá ibi tó ti hù, ó ká kò bí sípíríǹgì inú báírò. Lápá ìsàlẹ̀, ó nà gbọọrọ, ó sì fẹ́lẹ́ bí òwú ìránṣọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó fà á díẹ̀, kò tilẹ̀ fi agbára sí i. Oríkèé tí méjèèjì ti pàdé gan-an ló ti já.

Oṣù keje nìyẹn tí mo ti fi rílásà sílẹ̀. Láàárín oṣù méje náà, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan orí mi tí kò sọ pé, "Irun yín mà gbẹ o." Onítọ̀hún á dá ìpara kan lábàá, èmi náà á lọ rà á. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi títí di ọjọ́ yẹn ni pé irun méjì ni mo rù, àti pé ohun tó mú èkíní gbẹ kọ́ ló mú èkejì gbẹ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kó ọ̀rọ̀ yìí jọ: èyí tí àwọn onísáyẹ́ǹsì rí, èyí tí àwọn ìyá wa ń ṣe, àti èyí tí àwọn tó ń ta nǹkan ń polówó. Mo ti wá gbà pé àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a máa tọ́jú irun méjì bí ẹyọ kan.

Ìdí tí obìnrin fi ń jáwọ́ nínú rílásà kì í ṣe ọ̀kan. Irun iwájú ẹlòmíràn ti ń sá sẹ́yìn. Rílásà ti bó ẹlòmíràn lórí débi pé kò lè fi orí lé ìrọ̀rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn olùwádìí iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, NIH, gbé èsì kan jáde lórí obìnrin 33,497 tí wọ́n tọpinpin fún nǹkan bí ọdún 11. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nínú 100 obìnrin tí kò lo ohun ìnàrun rí, bíi 1.64 ni yóò ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ kí wọ́n tó pé ẹni 70 ọdún. Nínú àwọn tó ń lò ó lemọ́lemọ́, ó di 4.05. Wọn ò sọ pé rílásà ló dá àrùn náà sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn méjèèjì jọ ń rìn. Èmi kò dúró de ẹ̀rí mìíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pinnu tán, irun tó ti wà lórí ṣì wà níbẹ̀, òun ló sì gba iṣẹ́.

Ohun tó wà nínú rílásà kò ṣàjèjì sí wa tó bí a ṣe rò. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú mọ omi eérú, omi tí wọ́n sẹ́ lára eérú pádi kòkó, tó jẹ́ pé bó bá ta sí ni lára, á bó o. Kọ́sítíìkì sódà tó wà nínú rílásà, sodium hydroxide, ìbátan omi eérú yẹn ni, àfi pé agbára tirẹ̀ pọ̀ jù ú lọ. Lórí òṣùwọ̀n pH, tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 14, ibi tó tu irun lára wà láàárín 4.5 sí 5.5. Rílásà máa ń kọjá 12, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlọ́po mẹ́wàá ni ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n yìí. Nígbà tí George E. Johnson dá iléeṣẹ́ Johnson Products sílẹ̀ ní Chicago ní 1954, ọjà àkọ́kọ́ tó gbé jáde ni Ultra Wave, ìpara ìnàrun tó ṣe fún ọkùnrin. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó di pé obìnrin ni wọ́n ń ṣe é fún.

Nínú fọ́nrán irun, àwọn ìdè kéékèèké kan ló so kẹ́rátìnì, purotéènì inú irun, pọ̀, ìdè wọ̀nyí ló sì jẹ́ kí irun wa ká. Rílásà ń já wọn. Kì í ṣe jíjá tí a lè so padà: ibi tó bá ti já ti já títí irun náà yóò fi kúrò lórí. Èèpo tó bo ara irun, tó tò léra bí ìpẹ́ ẹja, náà á ṣí sílẹ̀. Bí irun onírílásà ṣe ń gbẹ nìyẹn: omi ń wọlé kíá, omi ń jáde kíá. Bí èèyàn bá rẹ ẹ́ sínú omi láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, á ti gbẹ gbúkẹ́gbúkẹ́. Kò sí ìpara tó lè pa èèpo yẹn dé padà. Ẹni tó bá ní tòun lè wo irun tó ti bàjẹ́ sàn, ọjà ló ń tà.

Àwọn rílásà tí wọ́n kọ "no-lye" sí lára páálí wọn tún ní àléébù tiwọn. Ọ̀pọ̀ wa rà wọ́n nítorí wọ́n ní kì í bóni lórí púpọ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n calcium hydroxide ni wọ́n fi ń ṣe é, a ó sì da nǹkan olómi kan pọ̀ mọ́ ọn kó tó ṣiṣẹ́. Calcium yẹn ń ṣẹ́kù sára irun, bí ẹfun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùrù. Irun á ṣú, á le gbagidi, epo tí a bá fi lé e lórí á kàn jókòó sójú rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń fi òrí pa irun tí ẹfun ti bò, tí mò ń ṣe kàyéfì ìdí tí kò fi rọ̀. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni ṣámpù tó ní EDTA nínú, tí a lè rí orúkọ rẹ̀ bí a bá ka ẹ̀yìn ìgò. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó, nítorí òun náà ń gbẹ irun bí a bá ń lò ó jù.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí irun tuntun tó ń hù lábẹ́. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára tirẹ̀. Awọ orí wa ń sun epo bíi ti gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n lára irun tó nà, epo á yọ̀ láti ìdí dé orí. Lára irun tó ká, yíyípo ni epo náà ní láti máa yí po, kì í sì í dé òpin. Ìdí irun á lọ́ràá, orí rẹ̀ á gbẹ. Iṣẹ́ tí ara kò lè parí ni ọwọ́ wa ń bá a parí.

Mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ "gbígbẹ" fúnra rẹ̀, nítorí ó dùn mí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n ti fi rílásà sí lórí láti ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. A kò mọ bí irun ara wa ṣe ń rí lọ́wọ́. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ hù, a ó fọwọ́ kàn án, a ó ní ó le, ó gbẹ, ó ṣú. Irun tó ká kì í dán bí èyí tó nà, torí ìmọ́lẹ̀ kì í rí ojú pẹrẹsẹ tí yóò ti tàn padà. Ìyẹn kì í ṣe gbígbẹ. Líle kì í ṣe gbígbẹ. Ẹ rẹ fọ́nrán kan sínú omi, kí ẹ rọra fà á: bó bá nà, tó sì ká padà nígbà tí ẹ fi sílẹ̀, ara rẹ̀ le. Bó bá já láìnà rárá, tàbí tó nà tí kò ká padà, ẹ ti rí ibi tí ìṣòro wà. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, irun tuntun mi ká padà bí ẹni pé ẹnì kan pè é. Gbogbo ẹ̀gàn tí mo ti ń gbọ́ láti ọdún pípẹ́ nípa "irun líle" wá sí mi lọ́kàn.

Omi ni oúnjẹ irun. Epo ni ìdérí ìkòkò. Bí kò bá sí nǹkan nínú ìkòkò, kí ni ìdérí fẹ́ dé? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ti ń forí ṣánpọ́n, a ó máa fi epo lé epo lórí irun gbígbẹ. Ẹ fi omi tútù tàbí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wọ́n irun, kó rin díẹ̀, kó má kán tótó, kí ẹ tó fi ìpara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, kí epo wá kẹ́yìn. Irun onírílásà lè fẹ́ ẹ lójoojúmọ́ lápá ìsàlẹ̀. Ti irun tuntun, ọjọ́ méjì-mẹ́ta síra wọn ń tó o.

Ṣùgbọ́n omi wo? Kò sí ẹni tí mo bi tó fún mi ní èsì gidi lórí èyí, ó sì ṣe pàtàkì. Omi kànga ẹ̀rọ ní àwọn àdúgbò kan kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó. Bí ẹ bá ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ tí kò hó, tí ó kàn ń ṣe ẹ̀gbin funfun sínú abọ́, irun yín náà ń mu ohun tó wà nínú omi yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní London bá irú rẹ̀ pàdé: ilẹ̀ ẹfun ni púpọ̀ nínú omi ìlú yẹn ti ń kọjá, kẹ́tùrù rẹ̀ sì máa ń funfun nínú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó lọ lo oṣù mẹ́ta ní Glasgow, níbi tí omi adágún Loch Katrine tó rọ̀ ti ń dé inú ilé, ó ní òun rò pé ìpara tuntun tóun rà ló ṣiṣẹ́. Omi ni. Lọ́dọ̀ wa níbí, omi òjò ló rọ̀ jù. Àwọn ìyá wa tó ń gbé agbada sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kí ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé ná, kí ẹ tó gbé nǹkan síbẹ̀, kí ẹ sì pa á mọ́ fún ìgbà ìkẹyìn tí ẹ ó fi ṣan irun.

Ní ti ọyẹ́, kò nílò àlàyé gígùn. Afẹ́fẹ́ tó ń fa ètè ya ń fa omi kúrò nínú irun pẹ̀lú. Láti oṣù Kejìlá dé Èrèlé, mo máa ń bo irun mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án, mo sì ń fi ṣẹ́dà wé e lálẹ́, nítorí ìrọ̀rí òwú ń mu ọ̀rinrin, ó sì tún ń ha irun.

Ọ̀rọ̀ epo ló kàn, ó sì dùn mọ́ mi. Ní 2003, Aarti Rele àti R. B. Mohile tẹ ìwádìí kan jáde láti Íńdíà. Oríṣi epo mẹ́ta ni wọ́n fi dán irun wò: epo àgbọn, epo sunflower, àti òróró abẹ́ ilẹ̀ irú èyí tí ó pọ̀ nínú ìpara ìgbàlódé. Epo àgbọn nìkan ló dín purotéènì tí irun ń pàdánù kù, ìbáà jẹ́ irun tó dá ṣáṣá tàbí èyí tó ti bàjẹ́. Lauric acid ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó kéré, ó sì gùn tààrà, ìdí nìyẹn tó fi lè wọ inú irun dípò kó jókòó sójú. Nígbà tí mo ka ìyẹn, àdí ló wá sí mi lọ́kàn. Àdí èkùrọ́ wa kò sí lára ohun tí wọ́n dán wò, ṣùgbọ́n lauric acid yìí kan náà ló tó nǹkan bí ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìyá mi máa ń pè wá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Á bu àdí sí àtẹ́lẹwọ́, á fi ra irun wa látòkè délẹ̀, á fi aṣọ wé e. Ọjọ́ kejì ló máa ń fọ̀ ọ́. A kórìíra òórùn àdí dúdú yẹn. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí tí kì í fi fọ irun ná kó tó fi àdí: irun ń wú bó bá mu omi, á tún súnkì bó bá gbẹ, wíwú àti sísúnkì yẹn sì ń sọ ọ́ di ahẹrẹpẹ. Epo tó ti wà nínú rẹ̀ kí omi tó dé kì í jẹ́ kó wú jù. Bí èèyàn bá fẹ́ mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, kó jẹ́ èyí. Àdí tàbí epo àgbọn, kí a tó fọ irun, kó sùn mọ́ orí.

Òrí kò wọnú irun bẹ́ẹ̀. Ìdérí gidi ni. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rà á títí yóò fi yọ́, kí ẹ fi pa ìsàlẹ̀ irun tó rin, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Èyí tó wá láti agbègbè Ṣakí ni mo máa ń rà, tí kò tíì gba ọwọ́ ẹni tó ń da lọ́fínńdà sí i. Ẹ má fi rin awọ orí. Bí orí bá ń ṣe dandruff, epo lórí epo ń bọ́ kòkòrò tó fà á ni. Epo lárà ki, ó dára fún ìdérí bí a bá pò ó mọ́ epo tó fúyẹ́, ṣùgbọ́n ìlérí pé ó ń mú irun hù kíákíá kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ọṣẹ dúdú kò ní dùn mọ́ gbogbo èèyàn. Ohun ìní wa ni, mo sì ń fi wẹ̀. Ṣùgbọ́n omi eérú ló bí i, ó ń lé lórí òṣùwọ̀n pH tó 9 tàbí 10, ó sì ń ṣí èèpo irun sílẹ̀. Fún irun tí rílásà ti ṣí èèpo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfikún ìyà ni. Pé nǹkan jẹ́ tiwa kò túmọ̀ sí pé gbogbo iṣẹ́ ló wà fún. Ẹ fi ṣámpù tó rọ̀ fọ awọ orí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí ọjọ́ mẹ́wàá, kí kọ̀ndíṣọ́nà sì wà lórí irun nígbà tí ẹ bá ń tú u. Ìka ọwọ́ ni kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, òòyà eléyín gbàràgàdà tẹ̀ lé e, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Irun tutù kò lágbára bíi ti gbígbẹ, oríkèé yẹn sì ń dúró de ẹni tí yóò fi ìkánjú já a. Ẹyin tútù tí àwọn kan ń fọ́ sórí, ẹ fi sínú àwo jẹ: purotéènì inú rẹ̀ tóbi ju ẹnu ọ̀nà irun lọ.

Bí a bá fẹ́ kí oríkèé yẹn pẹ́, ọwọ́ onídìrí ló kù. Nonhlanhla Khumalo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ orí àwọn obìnrin wò ní Cape Town, wọ́n sì rí i pé orí pípá tí irun fífà ń fà wọ́pọ̀ gan-an, ó sì burú jù bó bá jẹ́ irun onírílásà ni wọ́n di tàbí tí wọ́n rán wíìfọ́ọ̀nù lé. Àwa tó ń fi rílásà sílẹ̀, ohun tí a sì máa ń ṣe gan-an nìyẹn: a ó kó àtáṣímẹ́ǹtì wúwo lé irun méjì, a ó gbé e fún oṣù méjì, omi ò ní kàn án. Bí a bá tú u, a ó ní irun wa ló ń gbẹ. Kí a fi iná na irun tuntun kó lè bá ìsàlẹ̀ mu tún burú ju èyí lọ: ohun tí iná bá jó kì í padà.

Èyí tí mo fara mọ́ ni irun kíkó. Òwú dúdú, nǹkan tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan. Ìyá onídìrí yẹn máa ń pín irun mi sí bíi 14 nígbà tó bá rin díẹ̀, á fi àdí kan ìsàlẹ̀, á wá máa yí òwú láti ìdí lọ, kò ní fún ìdí rárá, á fi àyè sílẹ̀ láàárín ìyípo kan àti èkejì títí dé orí. Bó bá gbẹ, irun tuntun á ti nà láìrí iná. Ohun tí èyí ń ṣe fún oríkèé ló wú mi lórí: àwọn irun méjèèjì á jọ nà, èkíní kò ní máa ká kúrò lára èkejì, orí irun tó ti gbó á sì wà nínú òwú níbi tí aṣọ kò ti lè ha á. J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán tó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, ya irun onílé gogoro tí wọ́n fi òwú kó ní 1975. Ẹwà ni ayé ń wò nínú àwòrán náà. Èmi ń wò ó bí ìtọ́jú.

Ìgbà wo wá ni yóò parí? Ìwádìí tí Geneviève Loussouarn tẹ̀ jáde ní 2001 rí i pé irun àwọn ọmọ Áfíríkà tó yẹ̀ wò ń gùn ní nǹkan bíi milimítà 0.256 lóòjọ́. Ìyẹn lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 9 lọ́dún. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí irun tuntun gùn dé ọrùn kó tó gé ti àtijọ́ kúrò ń bọ̀ wá bá gbígbẹ gbé fún ọdún méjì ó lé. Àwọn kan ń gé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo sì kí wọn. Bí irun ìsàlẹ̀ bá ti ń já ju bó ṣe ń dúró lọ, tí ẹ ń rí èérún rẹ̀ lórí ìrọ̀rí láràárọ̀, mi ò rò pé ó tọ́ kí ẹnikẹ́ni máa náwó lé e lórí mọ́. Èmi gé tèmi díẹ̀díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì ní oṣù méjì-méjì, torí mo fẹ́ kí ọwọ́ mi kọ́ irun tuntun náà ná.

Oṣù kọkàndínlógún ni mo padà sí Mọ́kọ́lá fún ìyókù. Ìyá onídìrí wọ́n omi sí i, gbogbo irun tuntun ká sókè, ti rílásà sì so kọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó jẹ́ pé ojú lásán ti tó láti fi mọ ibi tí sísọ́ọ̀sì máa gbà. Ó gé e yípo láì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣa àwọn èyí tó já sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá, ó so ẹnu rẹ̀, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. "Ẹ gbé irun yín lọ o, Àǹtí." Mo fọwọ́ kan orí mi lọ́nà títí mo fi délé. Ó ṣì rin.